Ìyàwó dúró, ọkọ ò dúró: ta ló rú òfin lójú irin rélùwéè?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston la wà, àmọ́ Èkó ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Èmi ń wa tírélà dry van (èyí tó dà bí àpótí ńlá), ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wa school bus. Gbogbo ibi tí ojú irin bá wà ló máa ń dúró, kódà tí kò bá sí rélùwéè lójú tàbí létí, ó wá ní èmi tí mi ò kí ń dúró ń rú òfin, pé lọ́jọ́ kan wọ́n á gba CDL mi, ìyẹn láísẹ́ńsì ọkọ̀ ńlá. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n wá bá àwọn wa tánkà epo, owó ibẹ̀ dáa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni òfin sọ gan-an? Irú tíkẹ́ẹ̀tì wo ló ń gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ èèyàn? Tí ọkọ̀ bá wá kú sórí irin ńkọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ẹ má torí ẹ̀ bá ara yín jà mọ́. Òfin tó de ọkọ̀ tí ìyàwó ẹ ń wà yàtọ̀ sí èyí tó de tìẹ, àti pé lọ́jọ́ tó o bá gun tánkà epo yẹn, òfin ti ìyàwó ẹ ni wàá máa tẹ̀lé, epo wà nínú tánkà o, kò sí o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́ yìí, nǹkan tí mo sì rí ni pé dúró-àbí-má-dúró yìí ni gbogbo wọn máa ń bèèrè, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kọ́ ni láísẹ́ńsì ọ̀pọ̀ wọn ti ń lọ. Mo máa débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ìjà ilé. Ìwé òfin FMCSA, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ní abala kan tí wọ́n ń pè ní 392.10, ibẹ̀ ni wọ́n ti to àwọn tó gbọ́dọ̀ dúró. Bọ́ọ̀sì tó bá gbé èrò wà níbẹ̀, school bus náà ò yọ. Ọkọ̀ tó gbé ẹrù eléwu wà níbẹ̀, àwọn ẹrù tó máa ń mú kí wọ́n lẹ pátákó onígun mẹ́rin yẹn mọ́ ara ọkọ̀, bẹntiróòlù, gáàsì, nǹkan tó lè bú gbàmù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tánkà tí wọ́n fi ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òfin sì là á mọ́lẹ̀ pé bó kún bó ṣófo ni. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé òun ti já epo tán, òun ò ní láti dúró mọ́, irọ́ ló ń pa, èéfín epo tó kù nínú tánkà òfìfo lè burú ju epo fúnra ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń dúró ọ̀hún náà ní ìwọ̀n. O ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ irin àkọ́kọ́ débi tí àlàfo ò ní tó ẹsẹ̀ bàtà 15, o ò sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ju 50 lọ. Wàá dúró pátápátá, táyà ò ní yí, wàá wo ọ̀tún, wàá wo òsì, wàá fetí sílẹ̀, ìgbà tó bá dá ẹ lójú pé kò sí nǹkan tó ń bọ̀ lo tó máa gbéra, jíà tó o bá sì fi gbéra yẹn náà lo máa fi kọjá tán, o ò gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ jíà lórí irin. Ẹni tó bá ti wa manual á mọ ìdí ẹ̀, tí jíà bá kọ̀ tí kò wọlé láàárín irin méjì, o ti wọ gàù. Ti school bus tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni fún CDL sọ fún wọn pé kí wọ́n tan iná hazard ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 200 kí wọ́n tó débẹ̀, tí wọ́n bá dúró tán kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì àti wíńdò ẹ̀gbẹ́ wọn sílẹ̀ gbayawu, kí wọ́n pa gbogbo nǹkan tó ń pariwo, kí wọ́n ní káwọn ọmọ dákẹ́. Torí náà tó o bá rí ìyàwó ẹ tó ń ṣe gbogbo ìyẹn lójú irin tí kò sí nǹkan kan, ẹ̀rù kọ́ ló ń bà á, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe.

Àwọn ibi tí wọn ò ti ní láti dúró wà o. Tí ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ tó mú àsíá lọ́wọ́ bá ní kí wọ́n kọjá, tí iná tráfíìkì gidi bá ń darí ibẹ̀ tó sì mú gíríìnì, tí pátákó EXEMPT, tó ń sọ pé wọn ò ní láti dúró, bá wà, tàbí tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti pa irin yẹn tì, wọ́n lè kọjá. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í gbọ́ nìyí: iná pupa rélùwéè tí kò tàn kì í ṣe gíríìnì. Tí kò bá tàn, ohun tó ń sọ ni pé òun ò tíì rí rélùwéè, kò sọ pé kí bọ́ọ̀sì má dúró. FMCSA gbé àbá kan jáde ní 2025 pé kí bọ́ọ̀sì àti tánkà máa kọjá láì dúró níbi tí irú iná tàbí géètì bẹ́ẹ̀ bá wà tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kíá làwọn kan ti ń gbé e kiri orí WhatsApp bíi pé ó ti bùṣe. Àbá ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Ẹni tó bá ní ó ti di òfin, kó fi ìwé hàn ẹ, àti pé Texas ṣì ní òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì, fún school bus, àti fún ẹrù eléwu. Títí wàá fi rí ìwé, dúró.

Ìwọ ńkọ́? Abala tó tẹ̀ lé e, 392.11, ni tìẹ. Kò ní dandan kó o dúró, ó ní kó o rọra, kí eré tó ò ń sá kéré débi pé tó o bá tẹ búrèkì wàá dúró kó o tó kan irin àkọ́kọ́, kó o má sì gun orí ẹ̀ títí wàá fi rí i pé ọ̀nà mọ́. Ṣó o wá rí i pé "mi ò kí ń dúró" yàtọ̀ sí "mi ò kí ń wò". Tó bá jẹ́ pé eré máìlì 45 ní wákàtí kan lo fi ń gba orí ẹ̀ kọjá tó ò ń fọwọ́ kan mu kọfí, ìyàwó ẹ jàre ẹ níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí dúró gbáà lójú irin tó wà láàárín títì tí ọkọ̀ ti ń sáré, torí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò retí kí dry van dúró níbi tí kò sí nǹkan, wọ́n á wọ abẹ́ tírélà ẹ lọ.

Àmì tó o máa wò ò pọ̀. Pátákó róńdó aláwọ̀ yẹ́lò tó ní R méjì àti X ló ń sọ fún ẹ pé irin ń bẹ níwájú. Tó o bá débẹ̀ tán, pátákó funfun méjì tí wọ́n gbé dábùú ara wọn, tí wọ́n kọ RAILROAD CROSSING sí, yield ni lójú òfin, rélùwéè lo máa fún lọ́nà, ì báà má sí iná, ì báà má sí géètì. Wo abẹ́ pátákó yẹn dáadáa, tí irin bá ju ẹyọ kan lọ wọ́n máa ń kọ iye ẹ̀ síbẹ̀, 2 TRACKS, 3 TRACKS. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kánjú, torí yín ni wọ́n ṣe kọ ọ́: rélùwéè ẹrù á kọjá tán, dírẹ́bà á ní ó ti parí, á ki eré mọ́lẹ̀, òmíràn á yọ lórí irin kejì láti apá kejì, gígùn èyí àkọ́kọ́ ni kò jẹ́ kó rí i. Etí nìkan ò sì tó. Òfin ní kí awakọ̀ rélùwéè fọn fèrè fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 kó tó dé títì, gígùn méjì, kúkúrú kan, gígùn kan, àmọ́ àwọn àdúgbò kan wà tí wọ́n ti gba àṣẹ pé kí wọ́n má máa fọn ọ́n, quiet zone ni wọ́n ń pè é, wọ́n wà ní agbègbè Houston níbí, pátákó NO TRAIN HORN lo máa fi dá a mọ̀.

Tí iná bá ti ń ṣẹ́jú tàbí tí géètì ti ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wa ló kàn, ẹni tó wa Corolla àti ẹni tó wa tírélà. Òfin ìrìnnà Texas, abala 545.251, ní kó o dúró láàárín ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 50 kan náà, kó o má sì kúrò níbẹ̀ títí ewu á fi kọjá. Bákan náà ni tí rélùwéè bá ń fọn fèrè láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,500, tàbí tó o bá ń fojú ara ẹ rí i pé ó ti sún mọ́. Owó ìtanràn tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò pọ̀, láti dọ́là 50 dé 200, kóòtù á wá bu owó tiẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn táwọn tuntun fi máa ń fojú kéré ẹ̀.

Fún ẹni tó ní CDL, tó bá jẹ́ ọkọ̀ ńlá ló ń wà lọ́jọ́ náà, kì í ṣe nǹkan kékeré rárá. Abala 383.51 nínú òfin àpapọ̀ ló ni ìyà yẹn. Tí wọ́n bá dá ẹ lẹ́bi lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán ọjọ́ 60 ni wọ́n máa fi gba ọkọ̀ ńlá lọ́wọ́ ẹ. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, ó di ọjọ́ 120. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọdún mẹ́ta ọ̀hún, odidi ọdún kan. Ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n kà síbẹ̀. Méjì kàn ẹ tààrà, pé o ò rọra wò bóyá ọ̀nà mọ́, tàbí pé ọ̀nà ò mọ́ o ò dúró. Ọ̀kan jẹ́ ti ìyàwó ẹ àtàwọn onítánkà, pé ó yẹ kí wọ́n dúró wọn ò dúró. Ọ̀kan wà fún ẹni tó ṣàìgbọràn sí iná, sí géètì, tàbí sí òṣìṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan wà fún ẹni tí abẹ́ ọkọ̀ ẹ̀ kanlẹ̀ tó wá há. Ọ̀kan tó kù ni ti ẹni tó gun orí irin nígbà tí kò sí àyè lódìkejì.

Kí n tó lọ sórí ìyẹn: o mọ̀ pé ní Texas èèyàn lè lọ ṣe ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà tí wọ́n ń pè ní defensive driving kí wọ́n fi pa tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ rẹ́. Ẹni tó ní CDL ò sí lára wọn, òfin àpapọ̀ ò sì jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kankan bo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ẹ. Torí náà tí wọ́n bá fún ẹ nírú ẹ̀, má kàn wọ íńtánẹ́ẹ̀tì lọ san dọ́là mélòó kan kó o sì lọ sùn, tó o bá ti san án o ti gbà pé o jẹ̀bi nìyẹn, wá lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ CDL kọ́kọ́. Tí wọ́n bá sì ti dá ẹ lẹ́bi, ọjọ́ 30 lo ní láti fi sọ fún ilé iṣẹ́ ẹ, tó bá wá jẹ́ pé wọ́n ti gba láísẹ́ńsì ọ̀hún, kí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e tó parí lo gbọ́dọ̀ sọ.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ àyè. Òun gan-an ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Àwa tí tírélà ń bọ́, ẹni tó ń bá rélùwéè sáré ò pọ̀ nínú wa, ọkọ̀ wa wúwo jù, a mọ ara wa. Àwa tó pọ̀ ni àwa tó tẹ̀ lé ọkọ̀ iwájú. Rélùwéè ò sí, iná ò tàn, ọkọ̀ iwájú ẹ lọ, ìwọ náà lọ, iná tráfíìkì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán wá mú pupa, ọkọ̀ iwájú dúró, orí ọkọ̀ ẹ ti kọjá, tírélà ẹ dábùú irin. O ò sáré, o ò já iná kankan, o ti dáràn. Láti 2013 ni abala 392.12 ti wà fún èyí nìkan, pé o ò gbọ́dọ̀ gun orí irin àfi tí àyè bá wà tó máa gba gbogbo ọkọ̀ ẹ kọjá láì dúró. Ọlọ́pàá ò ní láti dúró kí rélùwéè dé kó tó kọ ọ́ fún ẹ.

Ìwọ tó o wà ní Houston mọ US 90A, láti Missouri City gba Stafford lọ sí Sugar Land, irin àti háíwè ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Tó o bá ti yà kúrò lórí 90A báyìí, irin ló máa kọ́kọ́ pàdé ẹ; tó bá jẹ́ pé ò ń bọ̀ wá sórí 90A, o máa kọjá irin kó o tó dé ibi iná tráfíìkì, àyè tó wà láàárín méjèèjì sì lè má gba ju ọkọ̀ kékeré mélòó kan lọ. Orí ọkọ̀ pẹ̀lú tírélà ẹsẹ̀ bàtà 53, ó ti lé ní 70. Hempstead Road náà rí bẹ́ẹ̀. Irú ibi báyìí ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ní Fox River Grove, ìpínlẹ̀ Illinois, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1995. School bus kan kọjá irin, ó dúró de iná tráfíìkì tó mú pupa níwájú, dírẹ́bà ọjọ́ náà kì í ṣe ẹni tó máa ń gba ọ̀nà yẹn, iwájú bọ́ọ̀sì ti kọjá dáadáa, ìdí ẹ̀ ló kù lójú ọ̀nà rélùwéè. Akẹ́kọ̀ọ́ 7 ló kú. Ìdí bọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ ní láti wà lórí irin gan-an kó tó kan án, torí ara rélùwéè fẹ̀ ju irin tó ń rìn lórí ẹ̀ lọ, ó máa ń yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà 3 ó kéré tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ìwé CDL ní tírélà máa ń lò tó ìṣẹ́jú àáyá 14 ó kéré tán láti kọjá irin ẹyọ kan, tó bá jẹ́ irin méjì ó ju 15 lọ. Òfin tó de àwọn onírélùwéè ní kí iná bẹ̀rẹ̀ sí tàn ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 20 kí rélùwéè tó dé. Yọ 14 kúrò nínú 20. Mẹ́fà ló kù, ìyẹn tí nǹkan kan ò bá dí ẹ lọ́nà. Rélùwéè tó ń sá eré máìlì 55 ní wákàtí kan ń gba nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá jẹ́ rélùwéè ẹrù tó fa wágúnù 150, ó lè gba máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúró, awakọ̀ ẹ̀ ò sì ní sítíárìn tó lè fi yà fún ẹ. Ojú tún máa ń tan èèyàn, nǹkan tó bá tóbi tó sì ń bọ̀ tààrà máa ń dà bíi pé kò sáré.

Torí náà ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ ni pé kí wọ́n tó wo ọ̀tún wo òsì, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọ̀ọ́kán. Ṣé àyè wà lódìkejì tó máa gba orí ọkọ̀, tírélà, àti ẹsẹ̀ bàtà 15 tó máa kù lẹ́yìn ìdí ẹ? Tí kò bá sí, dúró sẹ́yìn irin. Wọ́n á fọn fèrè sí ẹ, wọ́n á bú ẹ, ọkọ̀ kékeré kan á yà wá síwájú ẹ kó sí àyè tó ò ń dúró dè, jẹ́ kó kó síbẹ̀, wàá tún dúró de òmíràn. Mo mọ̀ pé èyí ló máa le jù fún ẹni tó kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Èkó, níbi tó jẹ́ pé àyè tó bá ṣí sílẹ̀ níwájú ẹ, tó ò bá tètè kó imú síbẹ̀, keke á ti kó síbẹ̀. Ìwà yẹn ló ń mú wa há sórí irin, kì í ṣe àìmọ òfin.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ ọkọ̀ náà, kí n má pẹ́ níbẹ̀. Ojú irin kan máa ń ga ju títì lọ, ó máa yọ gègé láàárín, táyà iwájú á kọjá, táyà ẹ̀yìn á ṣì wà nísàlẹ̀, ikùn ọkọ̀ á jókòó lórí irin. Ní Biloxi, Mississippi, ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 2017, bọ́ọ̀sì ńlá kan tó kó àwọn àgbàlagbà láti Texas níbí há báyẹn, rélùwéè sì kọ lù ú, èèyàn 4 kú. Lowboy (tírélà tí abẹ́ ẹ̀ sún mọ́lẹ̀), ọkọ̀ tó ń kó mọ́tò, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ilé, àwọn tó yẹ kó bẹ̀rù jù nìyẹn. Dry van ò sì yọ, tó o bá gbàgbé tó ò ká ẹsẹ̀ tírélà sókè tán, ẹsẹ̀ yẹn ló máa kọ́ irin. Pátákó yẹ́lò kan wà tí wọ́n ya tírélà tó há sórí òkè sí, tó o bá rí i, wá ọ̀nà míì gbà, GPS fóònù ò mọ gíga abẹ́ ọkọ̀ ẹ.

Tó bá wá há, tàbí tí ẹ́ńjìnnì kú, tí kò gbéra lójú ẹsẹ̀, má jókòó máa fi kọ́kọ́rọ́ bá a jà. Bọ́ sílẹ̀. Kó gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kúrò, fi ẹrù sílẹ̀, fi báàgì sílẹ̀. Tí rélùwéè bá ti ń bọ̀, má bá a sá lọ síbi tó ń lọ o. Kúrò lórí irin, kó o sá gba ẹ̀gbẹ́ lọ sápá ibi tó ti ń bọ̀, torí tó bá kọ lu ọkọ̀ ẹ, iwájú ló máa gbá gbogbo àfọ́kù lọ, tó bá jẹ́ iwájú lo sá sí, àfọ́kù ọkọ̀ ẹ ló máa lé ẹ bá. Tí rélùwéè ò bá tíì yọ, wá pátákó búlúù kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ òpó géètì tàbí ara àpótí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀, àti àmì ìdánimọ̀ ojú irin yẹn, nọ́ńbà mẹ́fà pẹ̀lú lẹ́tà kan. Pè é, ka àmì yẹn fún wọn, sọ pé ọkọ̀ wà lórí irin. Àwọn gan-an ló lè kàn sí awakọ̀ rélùwéè pé kó dúró. Ìgbà tó o bá pè wọ́n tán lo máa pe 911. Tí o ò bá rí pátákó ọ̀hún, pe 911 lójú ẹsẹ̀. Má rò pé ọkọ̀ ẹ nìkan lọ̀rọ̀ kàn: ní Pecos, Texas, ní oṣù Kejìlá 2024, rélùwéè Union Pacific kọ lu tírélà tó gbé ẹrù ràgàjì tó wà lórí irin, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè méjì tó wà níwájú ló kú.

Houston tún ní wàhálà tiẹ̀, rélùwéè ẹrù tó kàn dúró dí títì, àwọn ará East End mọ̀ ọ́n dáadáa, wákàtí lè kọjá. Texas ti ṣòfin rí pé kí wọ́n má máa dí títì, kóòtù àpapọ̀ fagi lé e ní 2001, wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú á bí ẹ, àmọ́ kò sí nǹkan tó o lè ṣe níbẹ̀ ju kó o pa ẹ́ńjìnnì tàbí kó o wá ọ̀nà míì. Tí géètì bá sọ̀ kalẹ̀ tí kò gòkè mọ́ tí kò sì sí rélùwéè, pátákó búlúù yẹn náà lo máa pè, o ò gbọ́dọ̀ yí géètì po nítorí pé gbogbo ọkọ̀ kékeré ń yí i po.

Tó bá sì ń ṣe ẹ bíi pé òfin òyìnbó lásán ni gbogbo èyí, Nàìjíríà náà fọwọ́ sí àdéhùn ìrìnnà àgbáyé ti 1968 ní 2018, ohun tó wà nínú abala 19 ẹ̀ ò yàtọ̀: má gun orí irin tí o ò bá mọ̀ dájú pé o ò ní dúró lórí ẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ pàdé rélùwéè ní PWD lágbègbè Ìkẹjà, ẹni tó kú ò dín ní 6, àwọn tó fara pa ò lóǹkà. Afárá tí wọ́n kọ́ sí Yábàá, Mushin, Ọyìngbò àti Ìkẹjà nítorí rélùwéè Red Line, lójú tèmi, ó ṣe iṣẹ́ tí òfin ò lè ṣe, torí ibi tí títì àti irin ò bá ti pàdé, kò sẹ́ni tó máa bẹ ẹnikẹ́ni pé kó dúró.

Tánkà tó o bèèrè: ìwé H lo máa fi kún CDL ẹ fún ẹrù eléwu, pẹ̀lú N fún tánkà, tí wọ́n bá pa méjèèjì pọ̀ wọ́n á kọ X, TSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ìrìnnà, á gba ìka ọwọ́ ẹ wọ́n á sì yẹ ìtàn ẹ wò. Bẹ̀rẹ̀ sí fi dídúró kọ́ra láti ìsinsìnyí nínú yáàdì tàbí níbi tí ọkọ̀ ò pọ̀ sí, kó o mọ bí ẹsẹ̀ bàtà 15 ṣe rí láti ibi tó o jókòó sí, torí imú ọkọ̀ máa ń bo ilẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀.

Ó ku ti dispatcher, ẹni tó ń pín iṣẹ́ àti ọ̀nà fún dírẹ́bà. Wọ́n á ní ọ̀nà yẹn ló yá jù, wọ́n á ní gbogbo àwọn tó kù ń gba ibẹ̀. Tó o bá mọ̀ pé ojú irin kan ò lè gba ọkọ̀ ẹ, tàbí pé wọ́n ń lé ẹ débi tó o máa fi rú òfin, sọ pé o ò lọ, kó o sì fi text sọ ọ́ kí àkọsílẹ̀ lè wà. Ilé iṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí dírẹ́bà ẹ̀ rú òfin ojú irin ní owó ìtanràn tiẹ̀ tó máa san, ó sì ju tìẹ lọ fíìfíì. Tí wọ́n bá tìtorí pé o kọ̀ lé ẹ kúrò tàbí tí wọ́n gé owó ẹ, òfin kan wà tó ń dáàbò bo dírẹ́bà tí wọ́n ń pè ní STAA, OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, lo máa fẹjọ́ sùn lábẹ́ ẹ̀, ọjọ́ 180 ni wọ́n fún ẹ láti ìgbà tí wọ́n ṣe é fún ẹ, tí 180 yẹn bá ti kọjá wọn ò ní gbà á mọ́.